Orin Tí Ẹni Tó Kọ Ọ́ Kò Kà Sí

Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń dá ẹjọ́ orin tí wọ́n máa ń pín in sí ọ̀nà méjì. Wọ́n á ní èyí tí ènìyàn fi ọkàn ara rẹ̀ kọ wà, èyí tí ó kọ nítorí owó náà sì wà. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní ojúlówó; èyí ìkejì, wọ́n á ní ariwo ọjà lásán ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n èmi kò gbà á gbọ́. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá fún mi láyè, n ó mú orin kan ṣoṣo wá síwájú yín lónìí, n ó fi ṣe ẹlẹ́rìí. Orin waltz ni, láti ilẹ̀ Faransé. "Je te veux" ni wọ́n ń pè é. Erik Satie ló kọ ohùn rẹ̀, Henry Pacory ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí mo ti ń kọ́ ọ lórí pìánò, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ìka mi ti fọwọ́ kàn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ baba orin kí a tó mọ orin. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1866 ni wọ́n bí Satie ní Honfleur, ìlú kan létí omi ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá ti ìjọba ní Paris, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò rí nǹkan gidi lára rẹ̀. Ọ̀lẹ ni wọ́n pè é. Nígbà tí ó di ọdún 1888, ọ̀lẹ yìí kọ orin pìánò mẹ́ta kan tí ó pè ní "Gymnopédies". Títí di òní olónìí, bí ẹ bá gbọ́ pìánò kan tí ń rọra dún nínú sinimá nígbà tí ẹnì kan dá jókòó tí ó ń wo òjò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èkíní nínú àwọn mẹ́ta yẹn.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè sè "Gymnopédie" jẹ. Ohun tí Satie ń jẹ ni owó tí ó ń gbà nídìí pìánò àwọn ilé ọtí ní Montmartre, lórí òkè ìlú Paris. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Le Chat Noir, ìyẹn Ológbò Dúdú, níbi tí àwọn akéwì, ayàwòrán, aláwàdà àti àwọn olówó tó fẹ́ rí wọn ti máa ń pàdé lóru. Ní ọdún 1898, ó kó lọ sí Arcueil, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní gúúsù ìlú náà, nítorí pé owó ilé kò wọ́n níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Montmartre tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí sì máa ń fi rìn ín lọ, tí ó máa ń fi rìn ín bọ̀ ní òru, pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀ lábíyá. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó bá ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ohun tí ìṣísẹ̀ jẹ́.

Obìnrin kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Paulette Darty. Orúkọ oyè tí àwọn ará Paris fún un ni ọbabìnrin waltz jẹ́jẹ́, nítorí irú orin yẹn lòde ń fẹ́, òun ló sì mọ̀ ọ́n kọ jù. Satie máa ń bá a lu pìánò. Òun ni ó kọ "Je te veux" fún. Wọ́n forúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń bá àwọn akọrin gba ẹ̀tọ́ wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 1902, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan sọ pé ó ti kọ ọ́ láti 1897. Orin náà gba ìlú kan. Satie ṣe é fún ohùn ènìyàn pẹ̀lú pìánò, ó ṣe é fún ẹgbẹ́ afunfèrè, ó sì ṣe é fún pìánò nìkan, èyí tí ó jẹ́ ìwé tí èmi ń kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Ẹni tí ó ṣe gbogbo èyí kò ka iṣẹ́ náà sí. Lójú rẹ̀, orin ilé ọtí ń rẹ òun sílẹ̀ ni. Oúnjẹ ló wá débẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yin "Gymnopédies" tán, wọ́n á fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí waltz yìí, bí ẹni tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbí tí kò lówó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí orin náà ń sọ. "Je te veux" túmọ̀ sí "Mo fẹ́ ọ." Ẹ ṣàkíyèsí i dáadáa. Èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún ìfẹ́, ó sì ní òmíràn fún pé nǹkan wu ènìyàn tí ó sì fẹ́ gbà á. Èyí ìkejì ni Pacory lò. Orin náà kò sọ pé "ìfẹ́ rẹ ń pa mí lẹ́kún." Ohun tí ó ń sọ ni pé ara ń fẹ́ ara, kò sì fi bò. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. A ń fẹ́ omi, a ń fẹ́ ìyàwó, a sì ń fẹ́ Ọlọ́run. Nítorí náà bí Yorùbá bá pè é ní "Mo fẹ́ ọ", orin náà ti di ọmọlúàbí díẹ̀ ju bí ó ti rí ní Paris lọ. Àfi bí ìgbà tí àbúrò ìyàwó ẹni bá wà nítòsí tí a sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀.

Èyí tilẹ̀ fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Olùkọ́ mi jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń lu dùùrù fún ìjọ kan, pìánò ìjọ náà la sì ń lò ní ọ̀sán Sátidé. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wọlé láti wá to òdòdó. Ó dúró, ó gbọ́, ó sì ń mi orí.

Ó ní, "Tíṣà, orin yìí mà dùn o. Ṣé ti ilé Olúwa ni?"

Olùkọ́ mi ní, "Rárá, Mà. Orin ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ ta ni?"

Ọmọ náà wò mí, èmi náà wò ó. Mo ní, "Ìyá, ti àwọn Faransé ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá wí, ó sì ń to òdòdó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀: ọ̀kan líle, méjì fúyẹ́, ọ̀kan líle, méjì fúyẹ́. Orin náà ti bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó béèrè ohun tí ó ń wí. Ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà? Ọwọ́ òsì ni ìpìlẹ̀. Nínú gbogbo waltz, ọwọ́ òsì á kọ́kọ́ tẹ ohùn kan tó wà nísàlẹ̀ gan-an, á wá fò sókè láti tẹ ohùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Gbì, jẹ́, jẹ́. Gbì, jẹ́, jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹ wá wo "Gymnopédie" èkíní. Mẹ́ta mẹ́ta ni òun náà ń kà. Òun náà ní ohùn ìsàlẹ̀ ní ọ̀kan, ó ní àkójọ ohùn ní èjì. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ta, ọwọ́ òsì kò tẹ nǹkan kan mọ́. Èyí tí ó tẹ̀ ní èjì ló ń dún lọ. Gbì, jẹ́ẹ́ẹ́. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè jó o. Ẹsẹ̀ á gbéra, kò sì ní rí ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Ẹ ò rí i bí? Ọwọ́ kan náà ni! Ọkùnrin tí ó yọ ẹ̀ta kúrò ní 1888 tí gbogbo ayé fi ń pè é ní ọlọ́gbọ́n, òun náà ló dá ẹ̀ta padà sí àyè rẹ̀ nínú waltz Darty, tí wọ́n wá ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń jó waltz dé inú egungun kò lè mọ ibi tí yóò ti yọ ọ́ tí ijó náà yóò fi di ìrònú. Lójú tèmi, ilé ọtí ló kọ́ Satie ní ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò rí kọ́ ọ.

Orí ọwọ́ òsì yìí ni ọwọ́ ọ̀tún wá ń kọrin. Ohùn náà ń gòkè bí obìnrin tí ń gun àtẹ̀gùn nínú aṣọ gígùn, kò kánjú. Bí ó bá dé òkè, á dúró díẹ̀, á wò yíká, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Dóò rẹ̀ wà ní C, èyí tí ó túmọ̀ sí pé eyín funfun lẹ ó máa tẹ̀ jù, àwọn dúdú kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ata nínú ọbẹ̀ ni. Àwọn tó ń ta ìwé orin fún akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tìtorí èyí pè é ní orin tó rọrùn. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Ohùn rẹ̀ rọrùn láti kà. Bí yóò ṣe dún bí orin, ìyẹn ni kò rọrùn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni fífò ọwọ́ òsì. Láti ìsàlẹ̀ dé àárín jìnnà fún ọwọ́ àgbàlagbà tí kò ti kékeré bẹ̀rẹ̀, ojú a sì máa fẹ́ bá ọwọ́ lọ. Ojú kò gbọdọ̀ bá a lọ, nítorí pé iṣẹ́ ń dúró dè é lórí ìwé. Olùkọ́ mi ní kí n pa ojú dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń wo ọwọ́ yín kí ẹ tó fi àmàlà sẹ́nu?"

Mo ní rárá.

"Ọwọ́ mọ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ibí yìí náà. Ẹ má sáré, ẹ̀gbọ́n, ilé kò jó."

Bí a ṣe tò ó nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè lò ó. Ọwọ́ òsì nìkan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, títí ìka yóò fi mọ ọ̀nà lókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì ń lù, ẹnu ń kọ ohùn òkè. Ẹ má tíì fọwọ́ ọ̀tún kan nǹkan kan. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun ló sì níye lórí jù. Orin ẹnu ni "Je te veux" kí ó tó di ti ìka. Ẹni tó ń kọrin gbọ́dọ̀ mí, ibi tó bá sì ti mí, ibẹ̀ ni gbólóhùn parí sí. Pìánò kì í mí, nítorí náà ẹni tí kò bá kọ ọ́ lẹ́nu rí á máa lù ú lọ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ẹ bá mọ ibi ìmí, ẹ wá lè jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì pàdé.

Ìṣòro kejì ni ẹsẹ̀. Irin kan wà nísàlẹ̀ pìánò, lápá ọ̀tún, tí a bá tẹ̀ ẹ́, ohùn kò ní tètè kú. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ á ti kú kí ọwọ́ tó fò dé òkè, waltz náà á gbẹ bí gààrí tí kò rí omi. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ pa, gbogbo ohùn á dà pọ̀ mọ́ra, á di ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra kí ó sì padà ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá dé, tàbí tí àkójọ ohùn bá yí padà. Ọwọ́ méjì ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹsẹ̀ ń ṣe ìkẹta. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ oní-kílọ́ọ̀ṣì nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó á mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìkẹta ni ìwọ̀n, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀. Lára àwọn kíbọ́ọ̀dù tó kún àwọn ìjọ wa lónìí, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ "waltz" sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á máa lu mẹ́ta mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyẹn kì í ṣe waltz. Ènìyàn tó bá jó o á rẹ̀ ẹ́ kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Vienna, níbi tí waltz ti gbajúmọ̀ kí Paris tó gbà á, àwọn onílù máa ń jẹ́ kí èjì yọ díẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, bí ẹni tí ń kánjú wọlé. Waltz jẹ́jẹ́ ti Faransé kì í kánjú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan rẹ̀ wúwo, èjì rẹ̀ fara tì í, ẹ̀ta rẹ̀ gbéra kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ta yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ le, ijó á kú. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ fẹ́rẹ́, ó máa gbé yín lọ sí ọ̀kan tó kàn láìjẹ́ pé ẹ tì í.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni Yorùbá mọ̀ nípa mẹ́ta mẹ́ta? A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ tẹ́tí sí dùndún tàbí bẹ̀m̀bẹ́ níbi tí ìlù ti gbóná, ẹ ó gbọ́ mẹ́ta àti méjì tí wọ́n jọ ń rìn nínú ìlù kan náà, tí ẹsẹ̀ oníjó ń tẹ̀lé méjì tí èjìká rẹ̀ sì ń tẹ̀lé mẹ́ta. Etí wa kò ní ìṣòro pẹ̀lú mẹ́ta. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nínú ìlù wa, kò sí ọ̀kan tí ń jẹ gàba lórí àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ̀rọ̀. Nínú waltz, ọ̀kan ni baálé ilé, èjì àti ẹ̀ta ń tẹ̀lé e. Ọwọ́ Yorùbá a máa fẹ́ fún ẹ̀ta ní ẹnu. Ó gba sùúrù kí ọwọ́ tó gbà pé níhìn-ín, ẹ̀ta kì í fèsì. Orin ìjọ náà kò ṣe ìrànwọ́ tó bí ènìyàn ṣe lérò, nítorí pé nínú rẹ̀, ohùn mẹ́rin jọ ń ṣí ẹsẹ̀ papọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹgbẹ́ ológun ń rìn. Nínú waltz, ọwọ́ kan ń rìn, èkejì ń kọrin, wọn kò sì gbọdọ̀ fara wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ṣe é. Aldo Ciccolini, ọmọ Naples tí ó di ará Faransé, gba iṣẹ́ pìánò Satie sílẹ̀ sínú àwo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun sì wà lára àwọn tó mú kí ayé tún máa gbọ́ Satie. Bí ó ṣe ń lu waltz yìí mọ́ tónítóní. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Pascal Rogé, ọmọ Paris, náà gbà á sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Decca ní àwọn ọdún 1980. Tirẹ̀ rọ̀, ó sì ń fa àkókò díẹ̀ ní ibi tí ohùn bá ti dé òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ràn ti Rogé, kí ó ṣọ́ra. Fífa àkókò dà bí iyọ̀: ẹni tó mọ̀ ọ́n sè nìkan ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí ènìyàn kọ́kọ́ lè lù ú tààrà bíi Ciccolini kí ó tó máa fà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ mi jù kò lu pìánò. Jessye Norman ni, ọmọ ènìyàn dúdú láti Augusta ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, tí ó kú ní ọdún 2019. Òun àti Dalton Baldwin nídìí pìánò gba "Je te veux" sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nínú àwo kan náà tí wọ́n ti kọ orin àwọn ọ̀gá bíi Ravel àti Poulenc. Ohùn obìnrin yìí tóbi tó ohun tí ó lè gba gbọ̀ngàn ńlá láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Síbẹ̀, kò fi ohùn yẹn gba orin kékeré náà lọ́rùn. Kò rẹ́rìn-ín sí i, kò fi í ṣe àwàdà. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó gbà pé obìnrin tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Gbogbo ẹni tó bá ní orin ilé ọtí ni, ẹ ní kí ó gbọ́ èyí kí ó tó tún ẹjọ́ dá.

N kò ní sọ pé orin náà kò ní àbùkù. Ó ní. Ègbè rẹ̀ dára ju ẹsẹ rẹ̀ lọ, Satie náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ègbè ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń padà sí. Bí ènìyàn bá lù ú bákan náà ní gbogbo ìgbà tó bá padà, á dà bí àlejò tí ń sọ pé òun ń lọ tí kò sì dìde. Olórin ẹnu ní ọ̀rọ̀ tí ó ń yí padà. Ẹni tó ń lu pìánò nìkan kò ní. Òun ló gbọ́dọ̀ wá ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan kí ó rọ̀, lẹ́ẹ̀kan kí ó tàn, èyí tó kẹ́yìn kí ó dà bí ìrántí. Bí mo bá sì fi í wé àwọn waltz Paris tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ní ohun tí kò ní. "Sous le ciel de Paris", tí Hubert Giraud kọ ohùn rẹ̀ fún sinimá Julien Duvivier ní ọdún 1951, yára jù ú, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì jinlẹ̀ jù ú. Òórùn àkọ́díọ̀nù wà lára rẹ̀, irinṣẹ́ kan náà tí I.K. Dairo mú wọ inú jùjú wa. "La Foule" tí Édith Piaf sọ di olókìkí ní 1957 ní ìjì nínú, bẹ́ẹ̀ ọmọ Argentina ni Ángel Cabral tó kọ ohùn rẹ̀. "Je te veux" kò ní ìjì. Ohun tí ó ní ni ìwà pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò tijú, méjèèjì nínú ara kan. N kò tíì rí ìyẹn nínú àwọn yòókù.

Kí ló wá kàn mí nínú gbogbo èyí? Ó kàn mí gan-an. Ìwé ìròyìn ni mo ń kọ fún. Mo ń kọ nípa ọjà tó jó, nípa aṣọ ẹbí, nípa omi ẹ̀rọ tí kò yọ, nípa bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Oṣù á parí, wọ́n á san owó, ní ọjọ́ kejì wọ́n á fi ìwé náà pọ́n àkàrà. Ìgbà mélòó ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí yunifásítì ti bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa kọ ìwé gidi?" Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ohun tí a ṣe nítorí owó kò lè ní ọkàn, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo ti ń kọ láti bí ogún ọdún di afẹ́fẹ́. Kì í ṣe èmi nìkan. Alágbẹ̀dẹ ń kọ́? Onílù tí a háyà fún ìsìnkú ń kọ́? Ìyá tó ń dá àdìrẹ fún ẹni tí kò mọ̀ rí ń kọ́? Ta ni nínú wọn tí kì í gba owó? Àwọn tó ń pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì yìí kò bi àwọn baba wa léèrè, nítorí àyàn tó lu ìlù tí ọba fi dìde jó gba owó, ìlù náà kò sì tìtorí rẹ̀ purọ́.

Satie fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1905, nígbà tí ó di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó wọ Schola Cantorum ní Paris, ó jókòó láàárín àwọn ọmọdé, ó sì kọ́ bí a ṣe ń hun ohùn mọ́ ohùn títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ní 1908. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn, ó sì fún èmi tí mo ti lé ní ogójì ní ìgboyà láti jókòó síwájú ọmọ tí mo lè bí. Ó tún ṣe iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1917 òun àti Picasso àti Cocteau jọ ṣe eré ijó "Parade", tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dún nínú orin, tí Paris fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1925. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ inú yàrá rẹ̀ ní Arcueil, tí ẹnì kankan kò wọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n bá ìdọ̀tí, wọ́n bá ọ̀pọ̀ agboòrùn, wọ́n bá ìwé orin káàkiri. Bí ọkùnrin yìí ṣe tòṣì tó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi òṣì rẹ̀ ṣe ìwé orin ẹyọ kan ní ìdákúdàá.

Ibi tí mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ẹ̀tọ́ láti má fẹ́ràn iṣẹ́ tó fi jẹun. Kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún wa pé kò dára, nítorí pé iṣẹ́ náà wà nílẹ̀, a lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ti fi oṣù mẹ́ta tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ohùn kan tí ó wà níbẹ̀ láìnídìí. Ẹni tó yára kọ nǹkan kí owó lè tètè wọlé kì í gbé ẹ̀ta kalẹ̀ pẹ̀lú irú sùúrù yẹn. Ẹnu Satie ń sọ pé òun kórìíra iṣẹ́ náà. Ìka rẹ̀ kò gbọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní pìánò nítòsí, ì báà jẹ́ ti ìjọ, ì báà jẹ́ kíbọ́ọ̀dù ọmọ ilé-ìwé, kí ó wá "Je te veux", ìwé ti pìánò nìkan. Kí ó fi bọ́tìnnì waltz sílẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Bí ó bá tó oṣù mẹ́fà, kí ó lu ègbè náà lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa Paris, kí ó má wo ìwé, kí ó má wo ọwọ́. Ẹsẹ̀ ẹni náà ni kí ó máa wò.